Yímíyímí Tí Yóò Máa Jẹ́ Quadros

4.

…àti pé kò sí ẹni tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ẹ̀dá. Òfin àwọn onímọ̀ ẹ̀dá nìyẹn. Bí o bá rí kòkòrò tí ojú ọmọ ènìyàn kò rí rí, o lè wọ̀n ọ́n, o lè yà á, o lè ka irun ẹsẹ̀ rẹ̀, o lè kọ̀wé lé e lórí kí Lisbon kà á, kí Paris kà á. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹlòmíràn ni wàá dá lọ́lá. Ẹni tó bá rú òfin yìí, wọn kì í tì í mọ́lé. Wọ́n kàn máa ń fi í rẹ́rìn-ín títí yóò fi kú, wọn a sì tún fi òkú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Dókítà Pancrácio Quadros, ọmọ Zambolim wa níbí, mọ òfin náà, ó sì ti bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó rí ń jẹ́ orúkọ mínísítà. Aláǹgbá kan ń jẹ́ orúkọ ọ̀gá mùsíọ́mù ní Lisbon. Akàn kan ń jẹ́ orúkọ ìyàwó gómìnà; ìyáàfin náà kò dúpẹ́.

Oore lọ, oore ò bọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun ní Quadros.

Kódà ẹ̀fọn.

1.

(Fadá Teotónio, àlùfáà ìjọ wa, ní èyí ló yẹ kó ṣáájú. Mo ní rárá. Ó wá bọ́ sí ipò kejì, bíi ti ẹni tó ni ín.)

ORÚKỌ: Pancrácio Ludovico Quadros
ÌLÚ: Zambolim, Goa, ní Íńdíà abẹ́ Portugal
Ẹ̀KỌ́: Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, Nova Goa
IṢẸ́: Oníṣẹ́-abẹ fún ọmọ ogun, ìpele kejì, Mozambique
Ó WÀ NÍ ÌPELE KEJÌ TÍTÍ DI: ìgbà tó fẹ̀yìn tì
Ẹ̀SÌN: bẹ́ẹ̀ ni
OHUN TÍ Ọ̀GÁ RẸ̀ KỌ SÍSÀLẸ̀: *Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ń kó kòkòrò jọ.*

2.

Ohun tó rí ní etí odò Zambezi kì í ṣe ìtàn tí à ń sọ fún ọmọdé. Ẹsẹ̀ tó gé pọ̀ ju ẹsẹ̀ tó bá a rìn lọ.

Àwọn ọmọ ogun tó ti Portugal wá ní orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe àwa ará Goa: canarim. Bí ara wọn bá le, canarim ni wọ́n ń pe Dókítà. Bí ibà bá wọlé, ó di Senhor Doutor, Ọ̀gá Dókítà. Bí ibà bá jáde, ó tún di canarim. Ó ní òun a máa fi ohun tí wọ́n bá pe òun mọ bí ara wọn ṣe gbóná tó, láìfi nǹkan kan sí wọn lábẹ́ ahọ́n.

Ó kọ ìwé kan lórí ibà tó ń sọ ìtọ̀ di dúdú. Òun ló tọ́jú àwọn aláìsàn náà, òun ló sin àwọn tó kú nínú wọn, òun ló jókòó kọ ọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lisbon. Orúkọ tó ṣáájú lára rẹ̀ ni ti ọ̀gá dókítà kan tí kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi rí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti àbúrò ìyàwó ọ̀gá náà. Lẹ́yìn náà: *àti àwọn olùrànlọ́wọ́.*

Quadros ni *àwọn olùrànlọ́wọ́.*

Ọjọ́ tí ìwé náà dé ibùdó ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkòrò sínú ìgò kuníìnì. Ó ní kòkòrò kì í béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ti jáde.

3.

Ohun tó wà nínú yàrá tó yẹ kó jẹ́ yàrá àdúrà:

ejò nínú ìgò
ejò nínú ìgò
Santo António
ejò nínú ìgò

Dona Ermelinda, ìyàwó rẹ̀, ní ère ẹni mímọ́ náà dà bí ẹlẹ́wọ̀n tí àwọn wọ́dà yí ká. Tó bá fẹ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà, ó ní láti kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọká.

5.

(Àárín ata-ilẹ̀ pupa tí Dona Ermelinda gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ilé mi kọjú sí tiwọn, ògiri ò sì ga.)

ERMELINDA: Dókítà! Ẹ wá wo nǹkan o!

DÓKÍTÀ: Kí ni?

ERMELINDA: Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé màá pè yín?

DÓKÍTÀ: Ekòló ni, ìyàwó.

ERMELINDA: Ekòló wo ló ní eyín?

(Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa.)

DÓKÍTÀ: Ermelinda. Má mira. Má mí pàápàá.

ERMELINDA: Háà, ẹ fẹ́ kí n kú nítorí ekòló?

6.

Kò lójú tó ríran. Kò lẹ́sẹ̀. Ó jọ ekòló, kì í ṣe ekòló. Ó jọ ejò, kì í ṣe ejò. Inú ẹrẹ̀ ló ń gbé, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ aró tó ṣá. Dókítà wo gbogbo ìwé tó ní, kò rí i níbẹ̀. Ó ní ọmọ ìyá ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Kaitan tó ń ta búrẹ́dì káàkiri abúlé ló kọ́kọ́ fèsì. "Ọmọ ìyá ọ̀pọ̀lọ́? Ọ̀kan ń fò, ìkejì ò lè dìde. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ò ṣọ̀wọ́n ní Zambolim."

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá wò ó nínú ìgò ọtí kajú tí Dókítà rì í sí, tí wọ́n ń ṣí fìlà. A ní bíṣọ́ọ̀bù ní Zambolim, a ní adájọ́ méjì, a ní ọkùnrin kan tó bá ọba Portugal jẹun nígbà tí ọba ṣì wà. A ò tíì ní ohun tí Ọlọ́run fi pa mọ́ fún gbogbo ayé títí ó fi ṣí i lójú wa, lẹ́yìn ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń da eérú sí.

7.

Òdì kejì odò ni Salustiano Rebello ń gbé, ní Benodem. Apòògùn àwọn ọmọ ogun ni tẹ́lẹ̀. Mozambique kan náà, ìpele kejì kan náà, irun ẹnu tí wọ́n fi epo àgbọn dì kan náà. Òun náà ń kó ẹ̀dá jọ. Òun náà ti dá àwọn ọ̀gá Lisbon lọ́lá, kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Rebello rí yímíyímí kan ní ìdí àgọ́ màlúù rẹ̀, dúdú tó ń kọ mànà bí ẹ̀yìn ìgò, ìwo kan ṣoṣo lórí. Kò sí nínú ìwé kankan.

Ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ ni wọ́n pàdé nílé Fadá. Mo jókòó tì wọ́n.

REBELLO: Dókítà, ẹ ní ekòló tó ní eyín.

DÓKÍTÀ: Ẹ̀yin náà ní agbélé-imí tó ní ìwo.

REBELLO: Ẹ ò lè fi ara yín sọ tiyín.

DÓKÍTÀ: Ẹ̀yin náà ò lè fi ara yín sọ tiyín.

REBELLO: Tí èmi bá wá sọ tèmi ní Quadros…

DÓKÍTÀ: …tí èmi náà sì sọ tèmi ní Rebello…

Wọ́n bọwọ́. Fadá Teotónio bu ọtí sí i fún wọn, ó ní iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ ni.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A wo ilé méjèèjì. Ọ̀kan wà nínú ẹrẹ̀, ìkejì wà nínú ìgbẹ́ màlúù. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lójú wọn.

8.

Ta ni yóò kọ́kọ́ ṣe é?

9.

(Kaitan ló ń gbé iṣẹ́ wọn. Bó bá gbé búrẹ́dì dé Benodem, á gba ìwé. Bó bá padà sí Zambolim, á fi í jíṣẹ́.)

*Ọ̀gbẹ́ni Apòògùn, mo kí yín. Ìwé mi ti parí. Mò ń retí kí tiyín kọ́kọ́ jáde, níwọ̀n bí ipò oníṣẹ́-abẹ ti ju ti apòògùn lọ nínú iṣẹ́ ogun. Quadros.*

*Ọ̀gbẹ́ni Dókítà, mo kí yín àti ìyáàfin. Ìwé tèmi náà ti parí. Èmi ni mo dàgbà jù. Ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ kí àgbà. Rebello.*

*Nínú ogun, a kì í wo ọjọ́ orí. Q.*

*Ogun ti parí. R.*

Kaitan fi ẹnu kún èyí tó kẹ́yìn. "Dókítà, ó tún sọ nǹkan kan tí kò kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gba Ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò lè tún un sọ."

"Ṣé nípa ìyá mi ni?"

"Ó sún mọ́ ọn."

10.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fúnni, òun ló ń tọrọ. Ẹni tó bá fúnni ṣìkejì, òun ló ń san ẹ̀san, bí ọba. Ní Zambolim, a ṣì mọ ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí fìlà lójú ọ̀nà odò, a sì ń fi ìyẹn yan ẹni tí à ń fi ọmọ fún.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ rántí ìwé ibà. Ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ wọ inú ẹrẹ̀, ó ti kọ́kọ́ wọ inú ilé àrùn. Orí ìwé nìkan ni kò tíì ṣáájú rí. Òun náà fẹ́ kí ayé kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ òun, lẹ́ẹ̀kan péré.

Rebello náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni méjì tí ebi kan náà ń pa, wọ́n jókòó ti abọ́, ìkíní ń sọ fún ìkejì pé, "Ẹ bù ú."

11.

Ìdájọ́ Fadá Teotónio: ọjọ́ kan náà, ìwé kan náà, ojú ewé kan náà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

DÓKÍTÀ: Ta ni yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún?

FADÁ: Ẹ jọ̀ọ́.

REBELLO: Ọ̀tún ni ọwọ́ ọlá, Fadá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.

FADÁ: Kí ẹni tó dàgbà jù wà lọ́tùn-ún nígbà náà.

DÓKÍTÀ: Ọ̀tún ẹni tó ń kà á ni, àbí ọ̀tún ìwé fúnra rẹ̀?

FADÁ: Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù.

REBELLO: Ìbéèrè gidi ló bi yín, Fadá. Ẹ dá a lóhùn.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Odò kún bo ọ̀nà. Búrẹ́dì ò dé Benodem mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé.

12.

*(Mo kọ èyí, mo sì pa á rẹ́. Ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ju bó ti yẹ lọ. Yẹ̀yẹ́ tó yẹ ni mo fi sílẹ̀.)*

13.

Nígbà tí òjò dá, Ọ̀gbẹ́ni Garside dé láti Bombay. Òṣìṣẹ́ ojú irin ni, Gẹ̀ẹ́sì ni, òun náà sì fẹ́ràn ohun tó ń rá. Dókítà gbà á sílé. Faransé tí kò gún régé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkàn méjèèjì ń gbádùn ara wọn, gírámà ń sunkún.

Dona Ermelinda dáná. Ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹja alágbọn, lẹ́yìn náà bebinca, àkàrà dídùn wa, tó fi odidi ọ̀sán yan, ìpele lórí ìpele, iná lókè, iná nísàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ ẹ́, ó pa ojú dé. Ó béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é.

Lẹ́yìn náà wọ́n wọ yàrá Santo António. Ó rí ìgò náà.

GARSIDE: Ohun ìyanu mà nìyí o! Ṣé wọ́n ti kọ̀wé lórí rẹ̀?

DÓKÍTÀ: Ó kù díẹ̀. Àdéhùn kan wà nílẹ̀.

GARSIDE: Ó lẹ́wà púpọ̀.

DÓKÍTÀ: Tiyín ni, ọ̀gbẹ́ni. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí, tiyín ni.

GARSIDE: Lóòótọ́? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an!

Ó sì nawọ́ mú ìgò.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń jẹun rí ẹni tó ń kọjá, ó ní ẹ wá jẹun. Ẹni tó ń kọjá ní ẹ ṣeun, ó máa gba ibi ire o. Ó kọjá lọ. Bí ayé ṣe ń lọ nìyẹn. Bí àlejò bá yin nǹkan nílé wa, a ó fi lọ̀ ọ́, yóò kọ̀. A ó tún fi lọ̀ ọ́, yóò tún kọ̀. A ó jọ mu ọtí sí i. Garside ni ẹni tó ń kọjá tó fọwọ́, tó fa àga, tó jókòó.

14.

(Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Garside ń fi ìbọ̀sẹ̀ wé ìgò náà nínú yàrá.)

ERMELINDA: Dókítà, ẹ sọ̀rọ̀!

DÓKÍTÀ: Kí ni kí n sọ?

ERMELINDA: Pé tiyín ni! Pé ẹ ṣì nílò rẹ̀!

DÓKÍTÀ: Kí n sọ fún àlejò pé irọ́ ni mo pa fún un? Nínú ilé bàbá mi?

ERMELINDA: Ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ ní!

DÓKÍTÀ: Ohun tí Quadros bá ti fúnni, kì í gbà á padà.

ERMELINDA: Ẹ ò tíì fúnni, ẹnu lásán lẹ ṣe.

DÓKÍTÀ: Ẹnu Quadros ni.

15.

*Láti inú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ẹ̀dá, Bombay:*

…kò lójú tó ríran, kò lẹ́sẹ̀, eyín rẹ̀ ṣe ìlà méjì. Àárín ata-ilẹ̀ pupa la ti rí i ní Zambolim. Mo sọ ẹ̀dá tuntun yìí ní *ermelindae*, láti fi dá Dona Ermelinda Quadros lọ́lá, ẹni tí mi ò jẹ irú oúnjẹ rẹ̀ rí ní gbogbo Íńdíà. Ọkọ rẹ̀ náà ràn mí lọ́wọ́.

16.

ÌKÉDE LẸ́NU Ọ̀NÀ ÌJỌ

Ìsìn ìdúpẹ́ yóò wáyé lọ́jọ́ Ìsinmi nítorí ọlá tí Ọlọ́run dá ìjọ wa. Orúkọ ọmọbìnrin Zambolim ti wọ ìwé ayé, ní Látìn, kò sì ní jáde mọ́. Àwọn ará Benodem náà lè wá.

17.

ERMELINDA: Ẹ ò tíì bá mi yọ̀.

DÓKÍTÀ: Mo ti yọ̀.

ERMELINDA: Ìgbà wo?

DÓKÍTÀ: Lánàá. Ẹ wà nílé ìdáná.

(Nígbà tó bá bínú tàbí tí ojú bá tì í, ó máa ń fi "ẹ" bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.)

ERMELINDA: Ojú yín ò yọ̀.

DÓKÍTÀ: Kí lo fẹ́ kí n sọ, ìyàwó? Ẹran tí kò lójú, tí kò lẹ́sẹ̀, tó ń gbé inú ẹrẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ sọ ọ́. Ìyẹn náà lò ń gbéra ga sí?

ERMELINDA: Ó ní eyín.

(Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, "ẹ" ti kúrò ní ẹnu tirẹ̀.)

ERMELINDA: Pancrácio, wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, *ìyàwó Dókítà* ni mò ń jẹ́. Ní ọjà, ní ìjọ, lẹ́nu ìyá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ọkùnrin kan jẹun mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, kí ni orúkọ obìnrin yìí? Ìwọ tí o mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ kí ayé pe orúkọ ẹni, ìwọ ni mo rò pé yóò kọ́kọ́ yé.

Mi ò gbọ́ ohun tó fèsì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n ń jáde ní ìjọ, Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fà sẹ́yìn, ó jẹ́ kí aya rẹ̀ ṣáájú. Ó gbé orí sókè. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó kí i pé, "Ẹ̀ ń rí ìyàwó mi? Látìn ni." Kì í ṣe pé ó ń fipá sọ ọ́. Ìgbéraga gidi ni. Ó ní èyí tó pọ̀ nílé, ó lè bù fúnni.

18.

Ìbànújẹ́ rẹ̀ wà ní ibòmíràn. Kò ní ohun tó lè fún Rebello mọ́.

*Dókítà, mo gbọ́. Ẹ má wulẹ̀ wá nǹkan kan. Èmi á kọ́kọ́ ṣe tèmi. Yímíyímí náà á máa jẹ́ quadrosi. Mi ò béèrè ẹ̀san. R.*

*Ọ̀gbẹ́ni Apòògùn, àánú ni? Q.*

*Ọ̀rẹ́ ni. R.*

*Mi ò lè gba ohun tí mi ò lè dá padà. Ẹ dúró dè mí. Q.*

Kaitan mú èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́, kò lọ. "Dókítà, ẹ gbà á kẹ̀. Yímíyímí ọ̀fẹ́ ni."

"Kaitan, ta búrẹ́dì rẹ."

19.

ALÁÌSÀN: ọkùnrin, àgbà, olórí kunkun
ỌKÀN: ó ń lù, ó ń gbàgbé, ó tún ń rántí
ÌTỌ́JÚ: ìsinmi, kó má gun òkè
ǸJẸ́ ALÁÌSÀN YÓÒ GBỌ́: rárá
DÓKÍTÀ TÓ YẸ̀ Ẹ́ WÒ: P. L. Quadros

20.

Ó gun òkè. Agboòrùn lọ́wọ́ kan, ìgò lọ́wọ́ kejì, bàtà ogun tí wọ́n ti tún ṣe títí tí kò fi sí ohun tó kù lára rẹ̀ tó bá a jagun. Gbogbo wa mọ ohun tó ń wá, gbogbo wa sì mọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń ṣe. Zambolim bá dìde. Wọ́n ń gbé ẹ̀dá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń gbé ọrẹ lọ sí pẹpẹ.

"Dókítà, èyí ńkọ́?"

"Aáyán ni, Kaitan."

"Aáyán Zambolim ni!"

"Gbogbo ayé ló ní in."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wo ìrìn rẹ̀. Aáyán Benodem ò lè rìn báyìí."

21.

Ara ògiri ilé àdúrà àtijọ́ tó wà lórí òkè ló ti rí i: ìgbín tó kéré ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Ó fi gíláàsì wò ó, ó fìdí jókòó sílẹ̀. Ó wo gbogbo ìwé. Ó kọ ọ̀wọ́ ojú ewé mẹ́rin ní Látìn. *Rebelloi.*

Nígbà tí wọ́n fi hàn án, Rebello wò ó fún ìgbà pípẹ́.

REBELLO: Dókítà, ìkarahun rẹ̀ yí sí òsì. Ti gbogbo ìgbín yòókù yí sí ọ̀tún.

DÓKÍTÀ: Òun gan-an ló yà á sọ́tọ̀.

REBELLO: Ẹ lè ti wá èyí tó yí sí ọ̀tún fún mi.

DÓKÍTÀ: Ṣé kí n padà lọ bẹ̀ ẹ́ kó yíjú ni?

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí wọn kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín rí. Dókítà ní láti dúró nínú ẹ̀rín tirẹ̀, kó fi ọwọ́ ti àyà, kó tó parí rẹ̀.

22.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Margão. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan ló gbé wa: Dókítà, Rebello, Fadá àti èmi. Dona Ermelinda ní òun náà ń bọ̀. Ó ní ẹni tó ti wọ inú ìwé gbọ́dọ̀ wá kí àwọn tó ń bọ̀. Òun ló di apá Dókítà mú, tó ń ṣe bí ẹni pé Dókítà ló di tòun mú.

Sertório ni orúkọ atẹ̀wé náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Ó gba ìwé méjèèjì, ó tẹ́ wọn síwájú.

SERTÓRIO: Ewé kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé ìròyìn oṣù yìí. Ọ̀kan á wà lókè, ìkejì á wà nísàlẹ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ tò?

FADÁ: Ọlọ́run, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

DÓKÍTÀ: Tèmi.

REBELLO: Tèmi.

SERTÓRIO: Ẹ̀yin bàbá, ẹni méjì ò lè ṣáájú.

Kò yé e. Ìwé Dókítà ló ń dá Rebello lọ́lá, ìwé Rebello ló ń dá Dókítà lọ́lá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ṣáájú, òun ló kọ́kọ́ fúnni, ohun tí àwọn méjèèjì ń sá fún tẹ́lẹ̀. Atẹ̀wé rò pé àwọn arúgbó méjì ń jà sí ipò ọlá. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

DÓKÍTÀ: Èmi ni mo kọ́kọ́ pàdánù tèmi. Èmi ni mo jẹ gbèsè.

REBELLO: Èmi ni mo dàgbà jù. Àgbà ló ń bù fún ọmọdé.

DÓKÍTÀ: Ipò mi ju tiyín lọ nínú iṣẹ́ ogun.

REBELLO: Ogun ti parí!

DÓKÍTÀ: Nígbà náà, ọkàn mi… Ẹ jẹ́ kí n ṣáájú, Salustiano. Ẹ ò ní pẹ́ rí ìdí rẹ̀.

REBELLO: Nítorí ìdí náà ni mi ò ṣe ní gbà. Ẹ ní láti fi ojú yín rí i.

ERMELINDA: Pancrácio, jókòó.

DÓKÍTÀ: Mo lè jà lórí ìjókòó.

Ó jókòó sórí ìdì ìwé, ọwọ́ kan lórí àyà, ọwọ́ kejì ṣì ń nà sí Sertório. Ó gbé orí sókè bí ọkùnrin tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀. Rebello dúró tì í, òun náà gbé orí sókè. Àwọn méjì láti ìpele kejì, ìkíní ń lé ìkejì lọ sí ipò iwájú. Mo ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín fún ọdún púpọ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìlú mi nìyẹn, mo ń wò ó.

Sertório mí kanlẹ̀. Ó ní òun ní ìyàwó, òun ní ẹja lórí iná. Ó ti ọwọ́ bọ inú àpótí lẹ́tà, ó mú ọ̀kan jáde, òjé kékeré, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹ̀dá tí yóò wà lókè, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kó lè rí ojú rẹ̀.

Gbogbo wa nà síwájú. Láti ibi tí a wà, a ò tíì rí i bóyá Q ni tàbí R…